Hóró Irin Inú Agolo

Ogójì ọdún ni ọkọ mi ti ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sí nǹkan tínńtín tó bọ́ lọ́wọ́ òun rí tí òun kò rí he. Akọni nídìí aago, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lásán ń lé e sá.

Lọ́dún yìí dókítà rí jẹjẹrẹ ní pírósítéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Kò tíì ràn kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ki àwọn hóró irin tó dà bíi hóró ìrẹsì bọ̀ ọ́, kí ìtànṣán ara wọn lè máa jó àrùn náà láti inú. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ aláboyún fún oṣù méjì, kí ìtànṣán náà má baà pa ọmọ inú lára. Kó máa fi asẹ́ sẹ́ ìtọ̀ rẹ̀, bí hóró kan bá sì bá a jáde, kó fi ẹ̀mú mú un sínú ike onídèérí tí wọ́n fún wa, kó dá a padà kíá.

Ọmọbìnrin wa sì rèé, oyún oṣù méje. Ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ sọ fún un, pé ọ̀rọ̀ abẹ́ bàbá kì í ṣe ohun tí ọmọ ń gbọ́. Mo gbà fún un. Tí ọmọ bá ti dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án láti bá a jókòó ti ọjà, bàbá rẹ̀ á ní orí ń fọ́ òun, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀, á gba ilé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó tún ti sá wálé bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì pè wá sórí fóònù, ó ní ṣé hóró kankan ti jáde. Mo ní rárá. Ọkọ mi kò gbójú sókè. Ìgbà tí mo fojú mọ́ ọn ló jẹ́wọ́ pé ọ̀kan ti jáde láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n á tún dá òun dùbúlẹ̀ fún abẹ́rẹ́, ló bá jù ú sínú agolo píìnì aago ní ṣọ́ọ̀bù. Lójú tiẹ̀, irin tó ti jáde lára ti di irin lásán. Mo bú u bí ẹni ń bú ọmọ, a sì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ wa jókòó nídìí tábìlì, ó gbé agolo náà lé ikùn, ó ń ṣa píìnì. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé tọ̀ ọ́.

“Gbé agolo yẹn kalẹ̀, kí o jáde.”

Ọmọ wa rò pé ńṣe ni bàbá òun ń lé òun. Ó béèrè ohun tí òun ṣe. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tìtìjú-tìtìjú.

Mo pe nọ́ọ̀sì padà. Ó ní agbára hóró kan ṣoṣo kò pọ̀, ó ṣeé ṣe kó má ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan, àmọ́ ká mú aláboyún wá fún àyẹ̀wò, àwọn á rán ẹni tó máa wá gbé agolo. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tu mí nínú rárá.

Ọmọ wa fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló ń wò, èmi ni.

“Màámi, ẹ̀yin náà mọ̀?”

“Mo mọ̀ nípa àìsàn náà. Mi ò mọ̀ nípa agolo.”

“Ká ní ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ fún mi, ṣé ǹ bá jókòó síbí?”

Mo na ọwọ́ sí i. Títí a fi dé ilé ìwòsàn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun.