Ọkọ̀ Tí A Kì Í Fi Ẹsẹ̀ Wà

Àlájì ní ká yọ ọ́. Ó ní ká tú irin tí mo fi ń fọwọ́ ti bíréékì náà, ká kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, kí àbúrò òun wá bá wa fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ tán, a ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun á sì tún irin náà dè síbi tó wà. Iṣẹ́ wákàtí méjì péré ni. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní n kò ṣe.

Ó wò mí títí. Kì í ṣe pé Àlájì ti dé Mẹ́kà rí o. Láti kékeré ló ti ń ṣe mẹ́káníìkì ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, àwọn oníbàárà ló fún un lóyè náà, òun náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Òun ló to ọkọ̀ yìí pọ̀ fún mi. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun ṣòfò nítorí agídí mi, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú un bínú. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti wà tí wọ́n ti ń pè mí ní alágídí, n kò sì tíì rí ẹni tó fi ohun tó sàn jù ú lọ lọ̀ mí.

Arọ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí àwọn èèyàn máa ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù ú lọ, wọ́n á wá máa wolẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú mi nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò sì gbé mi mọ́ àfi tí mo bá fi ọ̀pá há abíyá. Òwe tí wọ́n ti pa fún mi jù láyé mi ni pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa pa á lọ́jọ́ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Ọ̀gá àgbà tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pa á. Òwe náà dára, n kò bá a jà. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí ni ohun tí arọ yẹn gùn nígbà tí ogun dé.

Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀, Ìfọ́n sì ni ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àwọn ajínigbé kò jẹ́ kó rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sí awakọ̀ tó fẹ́ dúró pẹ́ níbì kan kan, pàápàá ní agbègbè Ẹlẹ́gbẹ́ka. Kí wọ́n já èrò, kí wọ́n gbé èrò, kí wọ́n máa sáré lọ ni. Èmi wá rèé, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró dè, kí n kọ́kọ́ ti ọ̀pá méjèèjì wọlé, kí n fi ọwọ́ gbé ara mi lé àga, kí n tó fa ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́, kí n dúró de ọkọ̀ ẹ̀yìn. Ohun kan náà ni ọkọ̀ ẹ̀yìn á sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan gbéra nígbà tí ọ̀pá mi ti wà nínú ọkọ̀, tí èmi fúnra mi ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé ọ̀pá mi dé Ìfọ́n. Orí bẹ́ńṣì ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì ni mo jókòó sí, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sílé, títí di ọ̀sán tí awakọ̀ náà fi fi ọ̀pá mi rán ọkọ̀ mìíràn padà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Inú tó bí mi ló pa mí lẹ́kún, kì í ṣe àánú ara mi. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá Àlájì.

Ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí igi wó lù. Orí rẹ̀ ti rún, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yè. Ó rí irú rẹ̀ kan ní Ìjàgbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ti sọ ọ́ di ilé adìẹ. Ẹ́ńjìnnì tiyẹn ti kú, ara rẹ̀ ló le koko. Ó kó ìyẹ́ adìẹ kúrò, ó jó èyí mọ́ èyí. Gíà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Ó wá jó irin gígùn kan mọ́ bíréékì ẹsẹ̀, ó gbé orí irin náà wá sí ẹ̀gbẹ́ sítíárìn lápá òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀kadà tí wọ́n máa ń lọ́ sí i lórí. Bí mo bá lọ́ ọ, ọkọ̀ á sáré. Bí mo bá tì í síwájú, á dúró. Ọwọ́ òsì mi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn yòókù ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ń darí.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé mẹ́káníìkì gidi ni ọkùnrin yìí ni pé kò jẹ́ kí n jókòó sínú ọkọ̀ náà kí òun tó kọ́kọ́ wà á. Ó fi okùn di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé e sí àga awakọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wà á kiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògiri ló gbà á dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fò tọ̀ọ́tọ̀ọ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ wo ibi tó fọ́, ó ní irin náà kúrú. Ó tú u, ó tún un jó. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ránṣẹ́ pè mí, ó sì sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé.

"Ọghọ́ rẹ tó."

Ìyẹn ni pé ọwọ́ mi tó o. Mo ti gbọ́ ìyìn lóríṣìíríṣìí, èyí ló wọ̀ mí lára jù.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò nígbà àkọ́kọ́, Àlájì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú wa. Agolo pupa kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pa iná ni gbogbo wọn fi gba àyẹ̀wò: bí wọ́n bá ti wo ti ẹni iwájú tán, á gbé e gba ojú fèrèsé fún ẹni ẹ̀yìn. Táyà àrọ́pò kan náà ń rìn láti bùútù dé bùútù. Gbogbo wa ń wò ó, olùyẹ̀wò náà ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin ni olùyẹ̀wò náà, kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kò sì lè dàgbà ju àwọn ọmọ tí mo kọ́kọ́ kọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wo irin náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bi Àlájì pé kí ló ṣe mí. Àlájì ní kò sí ohun tó ṣe ẹnu mi, kó bi mí. Kò bi mí. Àlájì náà ló ń bá sọ̀rọ̀ lọ, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi tẹ bíréékì, ká lọ yọ irin yẹn, ká wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé tó máa máa gbé màmá yìí kiri, ìwé ọkọ̀ náà á sì dára kó wà lórúkọ onítọ̀hún. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù ni Àlájì dá àbá àpò sìmẹ́ńtì. Mo sọ fún un pé tí a bá yọ irin náà, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa fọwọ́ sí, kì í ṣe tèmi. Ìwé á wà lórúkọ àbúrò rẹ̀, wọ́n á dá mi dúró lọ́nà Ìfọ́n, màá sì di olè nínú ọkọ̀ ara mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti sú mi. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sún sẹ́yìn kí nǹkan lè rọrùn fún ẹlòmíràn. Ó ní tí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé kò yege ńkọ́, ṣé mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà máa sùn, àwọn ọkọ̀ tó sùn síbẹ̀ kì í sì í jí. Mo ní kí wọ́n gbà á pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀. Ó mi orí, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la padà lọ. Ojú olùyẹ̀wò náà yí padà nígbà tó rí irin náà. Ó ní ṣebí òun ti sọ. Mo ní kó fún mi ní ìwé àyẹ̀wò náà. Tíṣà ni mí, mo ti ka irú rẹ̀ kan nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n ti kọ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó wo iwájú ìwé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí bíréékì lè dá ọkọ̀ dúró. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń jáde nínú ọkọ̀ wọn.

Ló bá ní kò burú, òun á wà á fúnra òun. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra ń ṣe é. Ó jókòó, ó lọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, ọkọ̀ fò síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré wá bíréékì, irin gbá a lórúnkún. Ó ti irin náà tán, ó tún ń lọ́ ọ, ọkọ̀ ń ké, ó ń já, títí ó fi wọ inú òkìtì yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jáde, òógùn bò ó, ó ní ọkọ̀ yìí á pa èèyàn. Ó yọ bírò, ó gbé e lé ibi tí wọ́n ń kọ "kò yege" sí.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "ọkọ̀ kọ́ ló níṣòro. Ẹsẹ̀ yín ló ń da yín láàmú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Kí bírò náà tó kan ìwé, mo tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti ní kí n dúró. Tí kò bá dúró, ẹ gba ọkọ̀ náà, mi ò ní padà wá bẹ̀ yín."

Ó wo àwọn èrò. Mo rò pé nítorí wọn ló ṣe wọ ọkọ̀.

Mo gbé e jáde sí títì, mo kọjú sí ọ̀nà Ìfọ́n. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó ní kí n dúró, mo dúró. Ó tún sọ ọ́, mo tún dúró. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tipà kan tó ru pákó ń bọ̀ lókèèrè láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò náà mọ̀ọ́mọ̀ dúró dè kó tó fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lójijì, láìsọ̀rọ̀, pé kí n dúró. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Mo ti irin náà síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára tí ọ̀pá ti fi sí apá mi láti ogójì ọdún. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Tipà náà kọjá lọ, ó fun fèrè kí wa.

Ó ní ká padà. Mo ní màá dé ibi tó tẹ́jú ná, n kì í yí ọkọ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó dé e.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ó gbé ìwé náà lé tábìlì, ó sàmì sí gbogbo ibi tó yẹ. Ó dé ibi orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, ó gbójú sókè sí Àlájì, ó béèrè pé orúkọ wo ni kí òun kọ. Àlájì ká apá, ó ń wo òkè àjà. Olùyẹ̀wò náà dúró, dúró. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?"

Mo sọ ọ́ fún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti bàbá mi ló kẹ́yìn. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á jẹ́jẹ́. Mo ní kó kà á sókè, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́.

Ó dìde dúró, ó sì kà á.