Ibi Tí Mo Fẹ́ Kí Mọ́tò Wà

Mo ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà mi lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Láti Ìjẹ̀gùn la ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti fi ilé tuntun kan hàn wá. Ọ̀nà ibẹ̀ burú débi pé ọlọ́kadà gbé wa dé ìdajì, ó ní òun ò lọ mọ́, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ilé náà funfun láti òkè délẹ̀. Táìlì rẹ̀ ń dán, òórùn ọ̀dà ṣì wà nínú yàrá, wọn ò tíì bó ọ̀rá kúrò lára àwọn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi fọwọ́ kan ògiri, ó tutù, mo sì jáde síta.

Ti Bárúwà yìí, ilé kejì tí a wá wò lọ́jọ́ náà, ilé tí wọ́n ti gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nípọn, kànga rẹ̀ ní ìdérí, igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé. Ẹnu géètì ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: nǹkan kan wà lábẹ́ fèrèsé iwájú, tó ga tó bẹ́ǹṣì, tí wọ́n fi táìlì bò. Ó gba gbogbo ibi tí mọ́tò ìbá wà. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé bágì mi tì í, mo sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi kan.

"Eléyìí la máa kọ́kọ́ fọ́," mo sọ fún ajẹ́ǹtì tó mú wa wá. "Ibí gan-an ni mọ́tò máa wà."

Mo tún fi gìgísẹ̀ bàtà gbá a, kí wọ́n lè gbọ́ pé inú rẹ̀ ṣófo, pé kò ní le láti fọ́.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀! A ò tíì sanwó o, ó ti ń wó ilé."

Ajẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Màmá tó ni ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé omi inú ọ̀rá wá fún wa nínú àwo.

"Ẹ má dìde," ni màmá wí. "Bàbá fẹ́ràn àlejò."

Mo ti dìde. Bí mo ṣe gbé bágì mi, mo rí i pé orúkọ ọkọ wọn ni mo gbé e tì. Wọ́n kọ ọ́ sára mábù dúdú kékeré kan, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi, ìkejì wà lọ́wọ́ mi. Ní ìlú wa, iwájú ilé la sin bàbá tèmi náà sí. Kì í ṣe pé mi ò mọ ojú oórì.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. "Mi ò wò ó dáadáa ni, mà."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ jàre. Ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ aládùúgbò ń sùn lórí ẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì rí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò lè rín in.

Ẹsẹ̀ ń dun màmá, ọmọ wọn obìnrin sì fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ta ilé nìyẹn. "Ti owó, a máa sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Tí mo bá lọ tán, ṣé ẹ máa jẹ́ kí bàbá wà níbi tó wà?"

Ọkọ mi wò mí. Èmi ni mo fẹ́ ilé náà, ọ̀dọ̀ mi ni ìdáhùn wà. "Bẹ́ẹ̀ ni" ò wúwo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni mò ń rò, àti àwọn ará ìjọ wa tó máa wá bá wa ṣílé, tí wọ́n máa bi mí pé òkú ta nìyẹn. Mo tẹrí ba, mo ń wọ bàtà. Màmá ń dúró. Mo pẹ́ lórí bàtà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a mu omi wa kó tó gbóná.

"Ti Ìjẹ̀gùn ò ní òkú," ọkọ mi sọ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé.

"Kò tíì ní," ni mo dá a lóhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi í bóyá mọ́tò ò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Ó lè wà níbẹ̀ dáadáa," ó ní. "Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

Èmi nìkan ni mo padà lọ. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi àkísà nu táìlì ojú oórì náà. Bóyá eruku bàtà mi ni, bóyá ti ewúrẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bàbá máa wà níbi tí wọ́n wà. A ti rí ibòmíràn tí mọ́tò máa wà."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n gbé àkísà sílẹ̀, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́ láti àná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní láti lọ sùn kó tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn, ilé tuntun ló yẹ ẹ́."