Ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá Kò Pariwo Mọ́

Iná tọ́ọ̀ṣì ni mo fi wá bàtà mi lọ́jọ́ tí mo gbéra ní Kàbà láti lọ sí Kàdúná. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, awakọ̀ sì ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Láti alẹ́ ni mo ti gbá yàrá ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé pé ewúrẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ṣọlá, ni mo ń lọ mú wálé. Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ mú un lọ ní ìyàwó. Ọkọ ti kú, ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ ti tú ká, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ gbé e mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kó padà wálé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ lórí fóònù: "Ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá ló gbé mi wá síbí, òun náà ni yóò gbé mi padà. N kò ní fún ara mi mọ́ èrò nínú bọ́ọ̀sì bí àpò gàrí."

Ọkọ̀ ọ̀hún, Píjò àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Kàdúná níbẹ̀ nígbà kan. Láti ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ti kú, kò kúrò lábẹ́ igi máńgòrò.

A gba Lọ́kọ́ja, mo ra ẹja gbígbẹ níbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní Zuba, mo bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀ ju ti wa lọ, a lè to ewúrẹ́ ìlú wa sórí rẹ̀ kó má kún, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ajínigbé, kò sí ẹni tó ń fi ibẹ̀ ṣeré. Bí a ṣe kọjá Jere, awakọ̀ dákẹ́, ó sì tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n mí.

"Awakọ̀, jọ̀ọ́, dúró fún mi díẹ̀."

"Màmá, ẹ mú un mọ́ra. Ẹni tó bá dúró lọ́nà yìí, wọ́n lè ní kó kúkú dúró pẹ́."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mú un mọ́ra títí a fi dé.

Sabon Tasha ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Eruku ọyẹ́ ti pa gbogbo òrùlé ibẹ̀ dà sí pupa. Obìnrin kan ń dín kósáì lẹ́bàá ọ̀nà. Àkàrà wa náà ni kósáì, àfi pé tiwọn kéré, ata gbígbẹ ni wọ́n sì ń wọ́n sí i lórí. Ọgọ́rùn-ún náírà ni mo rà, ó kún bébà. Mo gbé e wọlé fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìbídùn! O mà ti gbó o!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ kì í wo dígí ni?"

A dì mọ́ra, a sunkún díẹ̀, a jẹ kósáì.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọkùnrin méjì láti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wọlé. Ẹ mọ̀ pé ní tiwa, a kì í lọ kí opó lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í gba iṣu, kì í gba aṣọ. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ràn òun, kó ra ọ́ìlì fún ọkọ̀ ọkọ òun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ́ìlì ni wọ́n ń gbé wá. Ọ̀kan nínú wọn mú agolo kan, ó da díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Èkejì jókòó sínú ọkọ̀, ó tan án.

Háà! Ariwo! Kàkàkàkà, bí agolo tí wọ́n kó òkúta sí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lójú fèrèsé, ó di ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O gbọ́ ọ, Ìbídùn? Bàbá Ṣọlá nìyẹn. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tí a bá fẹ́ pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Kí ọkọ̀ tó gbóná, wọ́n ti pa á, kí epo má bàa tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ro ibi nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n bá mi pe mẹkáníìkì. Ráìmì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Makera ní Kàdúná níbẹ̀, Haúsá sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Haba! Màmá, ta ló ń tọ́jú ọkọ̀ yìí?"

"Gbogbo wa," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Ó hàn. Ìtọ́jú ló fẹ́ pa á. Ìgbà wo lẹ ti da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù kẹ́yìn?"

"Dà á nù kẹ̀? Ọ́ìlì tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ rà ló wà nísàlẹ̀. À ń fi kún un ni."

Ráìmì wò mí, mo wolẹ̀.

Ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò epo pupa, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Ó dúdú, ó ki bí ọṣẹ dúdú, ó bo gbogbo irin tó fi dà bíi pé kò sí irin níbẹ̀. Ráìmì ní ọ́ìlì tó ti gbó tí wọn kì í dà nù ló ń dì bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ kò bá gbóná délẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Mo ń kánjú, mo fẹ́ kí a wà nílé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ní, "Ṣé a ò lè da dísù sí i kó bó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Màmá, bó bá bó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò lọ dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Ẹ ó dé Katari lójú ọ̀nà eléwu yẹn, ẹ ó sì sùn síbẹ̀. Ọwọ́ ni a ó fi ha á."

Ọwọ́ náà la fi ha á. Ó tú páànù tí ọ́ìlì máa ń sùn sí nísàlẹ̀. Ó fi igi pẹlẹbẹ ha á, kó má bàa họ irin lára, ó fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fi wáyà tín-ín-rín tọ gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Èmi náà mú ṣíbí onígi, mo jókòó tì í, mò ń ha páànù bí mo ṣe ń ha ìkòkò nílé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Èyí ló ń dùn mí jù lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò kékeré kan jáde. "Ráìmì, bu èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sí i fún mi. Ti ọkọ mi nìyẹn."

"Wallahi, Màmá, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan. N kò lè yọ ti Bàbá kúrò nínú ti ẹgbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò rẹ̀ wọlé lófìfo.

Ráìmì da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó dà á nù. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí èyí tó ń jáde fi mọ́. Ó wá da èyí tó dára sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ti wé gèlè, ó dúró ti ọkọ̀. Ráìmì jókòó sínú rẹ̀. A dúró.

"Kí ló dé tó ò tíì tan án?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ó ti tàn, Màmá. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Ó ń gbọ̀n rírírí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ariwo kankan. Ayọ̀ pọ̀ lójú mi, ẹnu mi kò gbé jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe wà láyé Bàbá Ṣọlá nìyí! Ṣé ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ tó bá dé? Ẹ máa ń bú u pé ó ń yọ́ wọlé bí olè."

Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ta wá ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, Ìbídùn?"

Ráìmì kò mọ ohun tó wà nílẹ̀, ó ní, "Irin tí kò rí ọ́ìlì mu ló ń pariwo, Màmá. Igbe ló ń ké."

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo bá ẹrù rẹ̀ ní títú, gèlè ti kúrò lórí. Mo kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"N kò bínú sí ọ, àbúrò mi. Àná ni ọkọ mi kú. Ṣé opó tuntun máa ń rin ìrìn àjò nílùú wa? Gbé ọkọ̀ lọ. N kò mọ̀ ọ́n."

Ráìmì ló wà mí wálé. Ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òkè kankan kò dá a dúró, èmi nìkan sì ni mo wà níwájú, níbi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi wà. Nígbà tí a wọ àgbàlá, kò sí ẹni tó jáde. Wọn kò gbọ́ wa. Ìgbà tí mo ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ni àwọn ọmọ tú jáde. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n wo ibẹ̀, wọ́n wò mí.

"Ìyá Sabon Tasha dà?"

Wọn kò jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ yàrá náà lóòótọ́. Ẹní wà bí mo ṣe tẹ́ ẹ. Mo ti rò pé bí a ti ń fọ ìkòkò epo kí a tó da tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun gbogbo rí. Ìrìn yẹn kọ́ mi pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó ni nǹkan léèrè ohun tó ń gbọ́ nínú ẹ̀gbin rẹ̀. Ǹ bá ti mọ̀, ǹ bá gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó gbá ṣíbí mú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

"Ní kí wọ́n tan án kí n gbọ́."

Mo ní kí ọmọ mi tan án. Mo gbé fóònù lé orí ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà sí etí, ó ní, "Mo ń gbọ́ àkùkọ yín. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń gúnyán. Ṣé wọ́n ti tan án?"

"Wọ́n ti tan án, Ẹ̀gbọ́n."