Ọmọ Méjì Nínú Ilé Dígí

Ìyá mi, tó ń gbé ní Ìbà, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ. O lè ka adìẹ rẹ̀, o lè ka abọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá na ìka sí àwọn ọmọ tó jókòó sídìí oúnjẹ, tí o ní “ọ̀kan, méjì,” á gbá ọwọ́ rẹ wálẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, òfin náà tún le sí i. Ó ní kí n má dán an wò láé.

Ó ṣòro fún mi, nítorí kíka nǹkan ni iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn tí mo jáde ilé-ìwé girama, wọ́n gbà mí sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó irin wọlé láti òkè òkun, èmi ni mo sì ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn. Mo mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa ní Okokomaiko dé ìdí kànga: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Okùn mẹ́ta ni mo fi di ìdérí kànga ọ̀hún, nítorí àwọn ọmọ. Ìyàwó mi máa ń ní bí mo bá lè ti afẹ́fẹ́ mọ́lé kí ó má fẹ́ sí wọn lára, màá tì í.

Nítorí náà mo dá ọgbọ́n kan. N kò ka ọmọ, aṣọ ni mo ń kà. Ohun tí a bá rà fún ọ̀kan la ń rà fún èkejì, torí náà bí mo bá ti rí fìlà méjì àti bàtà mẹ́rin, ọkàn mi á balẹ̀. Fún odidi ọdún mẹ́rin, ọgbọ́n náà kò já mi kulẹ̀.

Ìgbà yẹn ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Wọ́n da yanrìn sí àbàtà lẹ́bàá ọ̀nà tuntun tó lọ sí Badagry, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibi ìpàtẹ ọjà àgbáyé síbẹ̀, ní Òjó níhìn-ín. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ọ̀kan ní òun rí ilé tí wọ́n fi kìkì aṣọ kọ́. Ẹlòmíràn ní omi kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàn gòkè. Mo pinnu pé àwọn ọmọ mi gbọ́dọ̀ rí i, kí wọ́n má ba à dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ayé láì mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi ní iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé tí a fẹ́ lọ. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè fún àwọn ọmọ, ó dé fìlà ìyeyè fún wọn, ó sì fi ọwọ́ wọn lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “bí ẹ ṣe mú wọn lọ ni kí ẹ ṣe mú wọn bọ̀ o.”

“Ṣé mo ti sọ ọmọ nù rí ni?”

“Ẹ ò tíì gbé wọn kọjá ojúde rí ni.”

Òótọ́ ni.

A rí ilé aṣọ náà. A rí omi tó ń gòkè, ẹ̀rọ ló ń tì í. A rí kátápílà tí táyà rẹ̀ ga jù mí lọ, èyí ẹ̀gbọ́n sì bi mí léèrè pé ta ló ń wẹ̀ ẹ́. A wọ ilé orílẹ̀-èdè kan tó tutù bí inú fíríìjì, àwọn àgbà ọkùnrin ń gbọ̀n níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Gbogbo ilé tí a dé ni wọ́n ti ń fún wa ní ìwé aláwòrán àti kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n, nítorí ọwọ́ mi kún fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ̀ títí.

Ilé karùn-ún ni ilé dígí. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè tó ni ín, wọn kò ṣẹ̀ mí. Ní ẹnu ọ̀nà, irin ńlá kan tó ní apá mẹ́rin ń yí, síwájú nìkan ló sì ń yí. Bí ó ti gbé wa wọlé, ó dún gbà lẹ́yìn wa, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé n kò fẹ́ ibẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni, ó ń lọ́ bí ìfun. Ògiri ọ̀tún dígí ni, ògiri òsì dígí ni, láti ilẹ̀ dé òkè. Èrò wà níwájú, èrò wà lẹ́yìn, dígí sì ti sọ wọ́n di ìlọ́po-ìlọ́po. Kò sí fèrèsé. Ooru mú. Obìnrin sísanra kan tó wà lẹ́yìn mi ń fi àpò kàlẹ́ńdà rẹ̀ gún mi nídìí.

Ní kọ̀rọ̀ kẹrin, bàtà èyí ẹ̀gbọ́n bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ̀ ọ́ fún un. Ìdè bàtà náà kò tètè mú, mo sì fi ọwọ́ èyí àbúrò sílẹ̀ láti fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é.

“Bàbá Ìbejì, ẹ máa rìn,” obìnrin náà wí. “Àbí ẹ fẹ́ fi àwọn ọmọ wọ̀nyí fún òyìnbó onídígí fẹ́ ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo dìde wéré, mo fi ọwọ́ kan kó àwọn ìwé mi, mo fi ọwọ́ kejì di ọmọ mú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi: fìlà ìyeyè méjì, bàtà mẹ́rin. Ó pé. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, fìlà kejì sì ń bá wa lọ ní òsì, ó ń yà bí a ṣe ń yà, títí a fi dé irin ìjáde, tó yí wa sóde bọ́ sínú oòrùn.

Níta, kò sí dígí. Fìlà kan ló wà.

Mo wo ilẹ̀. Bàtà méjì.

“Àbúrò rẹ dà?”

Ó na ìka sí ògiri ilé náà. “Ó wà nínú ibẹ̀. Ó ń bá wa bọ̀.”

Mo ju gbogbo ìwé náà sílẹ̀, mo sì ti irin ìjáde. Kò yí. Mo tún tì í. Àwọn tó ń jáde ń bọ́ lára rẹ̀ sí mi láyà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ mi. Mo ronú kan kànga wa. Okùn mẹ́ta ni mo fi dè é, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ọmọ sínú ibi tí kò ní ìdérí.

Mo gbé èyí tó kù, mo sáré yípo dé ẹnu ọ̀nà ìwọlé. Ìlà èrò ti gùn dé ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ dí mi. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ará Ọ̀yọ́.

“Bàbá, ẹ lọ tò.”

“Ọmọ mi wà nínú ilé.”

“Irú ọmọ wo?”

Mo gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi sókè. “Irú èyí. Aṣọ yìí ló wọ̀. Fìlà yìí ló dé. Ojú yìí gan-an ni ojú rẹ̀.”

Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yín rèé.”

“Ìbejì ni wọ́n.”

“Gbogbo ẹni tó bá ti inú ibẹ̀ jáde lónìí ló ń sọ pé òun rí ara òun ní méjì.”

Àwọn tó wà lórí ìlà ń rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí wọn. Obìnrin sísanra náà ló gbà mí. Ó ti jáde, ó rí àwọn ìwé mi nílẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi wá.

“Jẹ́ kí ó wọlé, ọmọ ìyá mi,” ó wí fún ọ̀gbẹ́ni náà. “Àwọn méjì ni. Iwájú mi ni wọ́n wà.”

Ó jẹ́ kí n wọlé. Mo ń tọrọ àforíjì, mo ń fi èjìká la ọ̀nà. Nínú gbogbo dígí ni mo ti ń rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ aláṣọ ìyeyè kan, ojú rẹ̀ le koko, mo sì ń kórìíra rẹ̀. Kọ̀rọ̀ kìn-ín-ní. Ìkejì. Ìkẹta. Mo ń pe ọmọ mi, ohùn mi kò sì jìnnà, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò.

Ní kọ̀rọ̀ kẹrin, ó dúró níbi tí mo fi í sí gan-an. Kò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé dígí, ó ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dígí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n nìkan la ní nílé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú nìkan ló ń gbà. Kò tíì rí gbogbo ara rẹ̀ rí láyé. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ tó rí báyẹn.

“Ẹ ti pẹ́ jù,” ó wí fún mi. “Àwa méjèèjì ti dúró, dúró.”

Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní apá mi. Ó wò ó. Ó wo dígí. Ìgbà yẹn gan-an ló wá bú sẹ́kún.

Kò sí ọ̀nà àtipadà, iwájú náà la tún gbọ́dọ̀ gbà. Mo gbé ọ̀kan sẹ́yìn, mo gbé ọ̀kan sáyà, mo di ojú mi, mo sì jẹ́ kí èrò máa tì mí lọ. Nígbà tí irin yí wa sóde, mo gbé wọn kalẹ̀ lórí yanrìn. Obìnrin sísanra náà ti kó àwọn ìwé mi jọ, ó dúró tì wọ́n. Mo gbé ọwọ́ lé orí èyí ẹ̀gbọ́n.

“Ọ̀kan.”

Mo gbé e lé orí èyí àbúrò. Orí náà gbóná, òógùn sì ti mú fìlà rẹ̀ tutù.

“Méjì.”

“A kì í ka ọmọ o,” obìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀, mà.”

Mo tún wọn kà, láti ọ̀dọ̀ èyí àbúrò.

Mo gbìyànjú láti má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kì í bo àṣírí. Nígbà tí a lọ sí Ìbà, kí a tó jókòó dáadáa ni wọ́n ti sọ fún un pé bàbá àwọn ka àwọn. Ìyá mi ṣí ìkòkò. Ó bu oúnjẹ fún wọn, ó bu ẹran lé e, ọgbọọgba. Ó wá kọjú sí mi.

“Ọwọ́ wo lo fi kà wọ́n?”

“Ọwọ́ ọ̀tún, Màmá.”

Ó gbé abọ́ tèmi síwájú mi.

“Ó dáa,” ó ní. “Jẹun.”