Aboyún Kan Nínú Lẹ́tà Mẹ́ta

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ọsibítù pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́ta jíwèé wò, mo sọ fún ẹni tó pè mí pé irọ́ ni. N kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Ọ̀fà, mo sì mọ ẹni tó ń jíwèé wò láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo wé gèlè mi, mo bá gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo dá kíláàsì kékeré kan sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi fún àwọn àgbà tó fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ là ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù kan náà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti kéde pé ẹni tó bá ní ìwé-ẹ̀rí girama, tó sì lè kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ lójú àwọn, ìyẹn irú lẹ́tà tí à ń kọ sí ọ̀gá tàbí ìjọba, lè di akọ̀wé ní yàrá káàdì.

Sìfáwù, ará Ìjagbó, ló fẹ́ ipò yìí jù. Ẹ̀yìn ìgbà tó bí ọmọ mẹ́rin ló tó gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Ọjọ́ orí tí wọ́n ní akọ̀wé tuntun kò gbọdọ̀ kọjá sì ti ń sún mọ́ ọn. Bó bá pàdánù èyí, ìgbálẹ̀ ni títí láé.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ wọn ni lẹ́tà àwòkọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé kan, àwọn a sì kọ́ wọn sórí. Iléekéwú ni Sìfáwù ti dàgbà, nítorí náà kíkọ́ nǹkan sórí kò nira fún un. Á dijú, á máa mi ara síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wàláà wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà náà á sì máa dà jáde láìfo ọ̀rọ̀ kan. Inú mi a dùn, orí mi a wú. Àwọn méjì yòókù kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọsibítù lọ́jọ́ náà, Alhaji tó jẹ́ ọ̀gá yàrá káàdì tẹ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì níwájú mi. Ohun tí wọ́n bi wọ́n nínú ìdánwò ni pé kí wọ́n kọ̀wé nípa nǹkan kan tó yẹ ní títúnṣe níbi iṣẹ́ wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, níbi tí aboyún kan ti já bọ́ lórí ọ̀kadà.

"Màámá," ó ní, "aboyún kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta ló gbé e dìde. Ṣé inú ọsibítù wa níbí ló ti já bọ́ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ojú sì tì mí. Aboyún mi ni. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí n kò ríṣẹ́ ṣe.

"Alhaji, wọn ò jíwèé wò. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí. Èmi ni kí ẹ bá wí."

N kì í bẹ èèyàn, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alhaji ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wá tún un kọ.

Sìfáwù wà lórí bẹ́ǹṣì níta, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Mummy, ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo kọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ. Àwọn méjì yòókù ní àwọn ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́rin tó lù, Sìfáwù ti jókòó.

Mo ní kò sí àwòkọ mọ́. Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí níbi iṣẹ́ ni yóò máa kọ lójoojúmọ́. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó kí ọ̀gá, ó kí ìyàwó ọ̀gá, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ, ó sì bẹ Ọlọ́run kó gbé ọ̀gá dé Mẹ́kà. Ìlà tó kẹ́yìn ní ojú ìwé kejì ló ti sọ pé ilẹ̀kùn kan bàjẹ́. Mo fi báírò pupa fa gbogbo rẹ̀ yọ.

"Háà, Mummy! Ṣé n ò wá ní kí ọ̀gá ni?"

"Bó o bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, kúnlẹ̀ kí i. Nínú lẹ́tà yìí, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, sọ ohun tó o fẹ́, kó o fọwọ́ sí i."

A kì í sinmi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, màá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kọ, mò ń fà á yọ, ó ń tún un kọ. Ó sunkún lọ́jọ́ kan. Mo fún un lómi mu, mo sì dá báírò padà sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó sọ ọ̀rọ̀ kan bí eré. Ó ní bí òjò bá rọ̀, omi ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá káàdì, káàdì àwọn ìyá arúgbó a lẹ̀ mọ́ra, orúkọ wọn a sì parẹ́. Wọn a ní kí wọ́n lọ ra òmíràn, kí wọ́n tún tò láti ẹ̀yìn.

"Kọ ọ́," mo ní.

"Yàrá Alhaji gan-an ni o! Ẹ fẹ́ kí n fẹjọ́ ọ̀gá sun ọ̀gá?"

"N ò ní kó o bú u. Ohun tó o rí ni kó o kọ."

Kò kọ ọ́. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí Sìfáwù lọ tún ìdánwò náà ṣe, n kò lè jókòó sílé. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Nígbà tó ṣe, Alhaji jáde, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Sìfáwù tẹ̀ lé e.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?" ó ń bi í.

"Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, sà. Èmi ni mò ń nu omi ẹ̀."

Wọ́n wọ yàrá káàdì lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí Alhaji jáde, ó dúró níwájú mi. "Màámá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọsẹ̀ níbi méjì. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ. Kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì tijú.

Sìfáwù ti di akọ̀wé báyìí, wọ́n sì ti tún fèrèsé náà ṣe. Nígbà tó wá dúpẹ́, mo ní kó bá mi da lẹ́tà náà kọ, kí n lè máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Mummy, ẹ má bínú sí mi, n ò ní mú un wá. Bí ẹ bá kà á fún wọn, gbogbo wọn ni yóò máa nu omi tí wọn ò rí."