Ọjọ́ Orí Tí A Fi Ààwẹ̀ Kà

Ní ilé wa ní Itele, ààwẹ̀ la fi ń ka ọjọ́ orí. Oṣù Ràmàdánì ni wọ́n bí mi, bàbá mi sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kéú rẹ̀. Àáfà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn lórí ìṣirò. Lọ́dọọdún, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti yọ, á gbọ́wọ́ lé mi lórí, á ní mo ti tún fi ọdún kan dàgbà sí i.

Nígbà tí mo parí ọdún kìíní ní poli, ìjọba ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi ìsinmi ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ṣàngó, ìjọba náà ni yóò sì san owó wa. Òfin wọn ni pé a gbọ́dọ̀ ti pé ọdún méjìdínlógún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Bàbá mi ti kéde tèmi nígbà ààwẹ̀, nítorí náà n kò mikàn. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ló wà lọ́kàn mi. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti mọ ohun tí wọ́n ń pò pọ̀ lẹ́yìn ògiri gíga yẹn. Mo ti ra bàtà tuntun fún iṣẹ́ náà, mo sì ń wọ̀ ọ́ rìn kiri inú yàrá.

Obìnrin tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀tà wo fọ́ọ̀mù mi, ó wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó tún padà wo fọ́ọ̀mù. Ó ní bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ, yóò ṣì ku oṣù méjì kí n tó pé. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ka ọjọ́ orí mi fún mi, mo ní bàbá mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ààwẹ̀ ni wọ́n fi kà á fún ẹ,” ó ní. “Bí wọ́n ṣe ka tèmi náà nìyẹn. Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ti ìjọba, ọjọ́ wọ̀nyẹn ló gorí ara wọn. Má bínú, ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí ò ní gbà ẹ́.”

Ojú tì mí. Ìyá mi ló mú káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí mi sí lọ nígbà tí a ṣe káàdì ìdánimọ̀ yẹn, èmi ọ̀mọ̀wé kò sì ronú rí láti fi ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí mi. Mo sunkún láti Ọ̀tà dé Tóògéètì Ṣàngó, mo wá ra àgbàdo sísun níbẹ̀, ẹkún dá.

Bàbá mi kì í bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́, ó ní, “Má bínú sí mi. Èmi ni mo kánjú sọ ẹ́ di àgbà.” Gbogbo inú tó ń bí mi rọ̀.

Ó wá fa ìwé kéú yọ, ó mú pẹ́ńsù. Ọdún yẹn lòun náà pé ọgọ́ta, ó sì ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ tì sẹ́yìn ilé, ó ní kò yẹ arúgbó. Ó ṣírò títí, ó gbójú sókè, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. Lọ́dọ̀ ìjọba, méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ìyá mi ní òun kúkú ti mọ̀ pé kò dàgbà tó bó ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti ń fọ ọ̀kadà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbà mí. Ọ̀kadà yẹn ni bàbá mi fi gbé mi láti Itele dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ọ̀dà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàtà mi ń dán lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀ṣọ́ tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Kí n tó lanu, bàbá mi ti dá a lóhùn látorí ọ̀kadà.

“Ti ìjọba lẹ fẹ́ ni, àbí tiwa?”