Ọkọ̀ Onímú Gígùn Tí Mo Bá Bọ̀ọ̀dá Làmídì Wá

Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ ọkọ̀ kan ni mo wà, ẹsẹ̀ mi nìkan ló yọ síta. Ẹsẹ̀ náà ló bá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ bá mi wá ọkọ̀ kan. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán o. Ti Amẹ́ríkà, onílẹ̀kùn méjì, onímú gígùn, tó jẹ́ pé tó bá bú níbí, ará àdúgbò kejì á gbọ́."

Mo fa ara mi yọ. Aṣọ ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé ni, kò sì tíì ra ọkọ̀ kankan rí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní nítorí bàbá òun ni. Ẹsẹ̀ bàbá ti kọ iṣẹ́, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí ó ti jáde nílé kẹ́yìn. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó máa ń wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun, á ní ọmọ òun kan á gbé ọ̀kan wá sẹ́nu ọ̀nà òun lọ́jọ́ kan.

"Mi ò fẹ́ kó kú láìrí i," ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì wí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo wa kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún nígbà náà, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tí àyè awakọ̀ wọn wà lósì, sì wá ń wuni rà. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta la fi wá a. Ọgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ń lò: bó ṣe ń kí ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, á ní, "Ẹ ṣeun, a ń padà bọ̀," kò sì ní padà. Ẹni tó bá ti mú ẹ́ńjìnnì gbóná kó o tó dé kò fẹ́ kó o gbọ́ bó ṣe ń húkọ́ láàárọ̀. Bí mo ṣe kọ ọkọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ nìyẹn. Ìkarùn-ún tutù lóòótọ́, àṣé kò ní ẹ́ńjìnnì nínú.

Pópó Àgùdà la ti rí tiwa, nínú ọgbà ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Felísíà. Ọmọ rẹ̀ tó gbé ọkọ̀ náà ti Amẹ́ríkà bọ̀ ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ó sì ti kọ̀wé pé kí wọ́n tà á. Aṣọ ìbùsùn ni ìyá fi bò ó. Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù bí omi àmù. Mo yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó bú lẹ́ẹ̀kan náà, kò húkọ́ rárá. Bọ̀ọ̀dá Làmídì di ọmọdé lójú mi.

"Ẹ máa gbé e lọ, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ìyá wí. "Tó bá ti bú báyìí, gbogbo abọ́ orí pẹpẹ mi á máa jó. Mẹ́ta ti fọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú la wà á lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ni mo wà á. Bí a ṣe dé ẹnu ìyànà agboolé wọn ni mo tẹ bíréèkì. Mo ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, mo yẹ táyà wò, mo rá wọ abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ronú kan ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń gba ìyànà yẹn. Mo rọra tì í síwájú. Imú wọlé, èjìká kọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ ò wọn ọ̀nà ni?" ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì bi mí.

"Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́?"

Omi ti ń lé ròrò lójú Bọ̀ọ̀dá Làmídì.

Àṣé ariwo ọkọ̀ ti dé yàrá bàbá. Àbúrò Bọ̀ọ̀dá Làmídì obìnrin jáde wá: "Bàbá ní kí ló dá ọkọ̀ yẹn dúró síbẹ̀?"

"Sọ fún wọn pé kò lè wọlé."

Ó lọ, ó tún padà wá, ẹ̀rín ń pa á. "Bàbá ní ṣé àwọn náà ò lè jáde ni?"

Ẹnu ya gbogbo ilé. Láti ọdún méjì ni wọ́n ti ń bẹ bàbá pé kó jẹ́ kí àwọn gbé e jáde gbatẹ́gùn, tí ó sì ń kọ̀, tó ní òkú ni wọ́n ń gbé jáde nílé. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e jáde tòun tàga, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀. A gbé e sí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀. Ó fọwọ́ pa ìjókòó náà títí. Nígbà tó pẹ́, ọmọ rẹ̀ bi í bóyá kí àwọn máa gbé e padà wọlé.

"Wọlé lọ ṣe kí ni?" ni bàbá wí. "Ẹ wà mí lọ sí Màrínà, kí n rí omi."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í gbé bàbá jáde wá bá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ìyànà. Ká ní ọkọ̀ náà wọlé ni, ojú fèrèsé ni bàbá ì bá ti wò ó, ì bá sì padà sùn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, èyí nìkan ni mo máa ń fi yangàn.